Ẹja Inú Dígí àti Omi Tí Ó Ṣófo

Ọ̀rọ̀ omi ni mo tún gbé dé lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi tí a ń mu. Omi tí ẹja ń gbé inú rẹ̀ ni, àní àwọn ẹja kéékèèké aláràbarà tí àwọn ènìyàn ń sìn nínú àpótí onídígí ní pálọ̀ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Awoyaya, ní Ṣàngótẹ̀dó, ní Ajah àti káàkiri Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, nítorí pé ní àdúgbò yín ni omi ti ń ṣe oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Oǹdó kò ní ṣàì rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nìyí. Bàbá kan ra àpótí onídígí, ó sì ra ẹja mẹ́wàá sí i fún àwọn ọmọ rẹ̀. Omi kànga ẹ̀rọ, tí gbogbo wa ń pè ní bọ́hóòlù, ni ó rọ kún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ta ẹja fún un ní, “Omi yín kò dára, ẹ lọ ra ẹ̀rọ R.O.” Bàbá náà náwó, ó ra ẹ̀rọ, ó da gbogbo omi àtijọ́ nù, ó sì rọ omi tuntun tí ó mọ́ gaara kún àpótí náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹja tí ó ṣẹ́kù ti léfòó, wọ́n kọ ikùn sókè. Owó lọ, ẹja lọ, ọmọ ń sunkún. Ẹni tí ó ta ẹja kò purọ́ fún un. Ó sọ fún un pé omi náà mọ́; ohun tí kò sọ ni pé omi náà ṣófo. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì, ìyàtọ̀ náà ni mo sì fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí omi Awoyaya ti ń wá. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà márosẹ̀ láti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́, òkun ńlá wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀sà wà ní ọwọ́ òsì, ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà láàárín. Inú iyanrìn yìí ni omi òjò ń rì sí. Omi òjò fúyẹ́ ju omi òkun lọ, nítorí náà ó ń léfòó sórí omi iyọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, bí epo ti ń léfòó sójú ọbẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, Badon Ghijben ará Netherlands àti Herzberg ará Jámánì, ni wọ́n ṣírò ọ̀rọ̀ yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èkínní ní ọdún díẹ̀ ṣáájú 1900, èkejì ní 1901. Wọ́n ní bí omi dídùn bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1 ga ju òkun lọ, yóò jìn sísàlẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40 kí a tó kan omi iyọ̀. Ẹ wo bí ìṣirò náà ti ń yí padà lé wa lórí: bí gbogbo ilé bá ń fa omi láìsinmi, tí omi dídùn sì wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 péré, omi iyọ̀ yóò gbéra sókè ní ogójì.

Ìdí nìyí tí kànga ilé kan fi lè dùn, tí ti ilé kejì yóò sì ní iyọ̀ lẹ́nu. Òmíràn kò ní iyọ̀ rárá, ṣùgbọ́n irin pọ̀ nínú rẹ̀. Yóò jáde ní mímọ́, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i tán, yóò pọ́n bí ìpáàrà, yóò sì ba aṣọ funfun jẹ́. Òmíràn sì wà tí ó kàn kan díẹ̀, tí ó rọ̀, tí ẹja púpọ̀ lè gbé inú rẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé báyìí-báyìí ni omi Awoyaya rí. Ti ilé yín ni kí ẹ wọ̀n.

Wíwọ̀n rẹ̀ kò ṣòro. Ìyá arúgbó tí kò mọ ìwé mọ̀ pé ọṣẹ ń hó dáadáa nínú omi òjò, àti pé omi àwọn kànga kan wà tí ènìyàn yóò fi ọwọ́ ra ọṣẹ títí tí kò ní hó. Ohun tí ó fà á ni èròjà bí ẹfun tí ó ti yọ́ sínú omi kànga náà. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní omi líle. Èyí tí ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀ ni omi rírọ̀. Lẹ́yìn ọṣẹ, mítà kékeré kan wà tí kò ju bírò ìkọ̀wé lọ. Bí a bá ti ẹnu rẹ̀ bọ omi, yóò sọ iye mílígíráàmù èròjà tí ó yọ́ sínú lítà omi kan. Nínú omi òkun, èròjà náà tó nǹkan bí 35,000. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà ní kí ti omi mímu má ju 500 lọ. Ṣùgbọ́n mítà yìí dà bí òṣùwọ̀n: ó lè sọ bí ẹrù ti wúwo tó, kò lè tú ẹrù wò. Bí ó bá ka 400, ó lè jẹ́ ẹfun, ó lè jẹ́ iyọ̀ òkun. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ dájú, kí ó ra ìgò kékeré oògùn ìdánwò lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò ẹja, èyí tí a ń kán sínú omi tí àwọ̀ omi fi ń yí padà.

Ó wá kù ìbéèrè kan tí ó yẹ kí ó ṣáájú owó ẹ̀rọ: ẹja wo ni ẹ fẹ́ sìn? Ẹja guppy, tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, ti di ọmọ Èkó pátápátá. Inú gọ́tà àti kànáà ìlú ni ó ń gbé, àwọn onímọ̀ ẹja wa sì ti ṣe ìwádìí lórí ohun tí ó ń jẹ níbẹ̀. Ẹja tí ó lè yè nínú gọ́tà kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó ra ẹ̀rọ. Àwọn ẹja mèremère ti adágún Malawi àti ti Tanganyika, omi líle ni a bí wọn sí. Ẹni tí ó bá rọ omi R.O. nìkan fún wọn ń náwó láti fi pa wọ́n lára ni. Ti àrọ̀ àti ẹpiyà kò tilẹ̀ yẹ ní sísọ.

Ẹja omi rírọ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn ènìyàn á máa dárúkọ discus àti neon ti odò Amazon, bí ẹni pé ìhà ọ̀hún nìkan ni Ọlọ́run dá ẹja rere sí. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé a kì í wo ẹ̀yìnkùlé wa. Nínú àwọn odò etíkun wa, láti agbègbè Èkó títí dé ẹnu odò Ọya, ẹja kan wà tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Arnoldichthys. Ìpẹ́ rẹ̀ tóbi, ó ń dán bí fàdákà, ojú rẹ̀ sì pọ́n lókè bí ẹyin iná. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó ti ń gbé àfi Nàìjíríà. Boulenger, tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé nípa ẹja ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Lọ́ńdọ̀nù, ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1909. Òun kan náà ni ó kọ̀wé ní 1901 nípa Pelvicachromis pulcher, ẹja gúúsù Nàìjíríà tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n nígbà tí ó bá fẹ́ yé ẹyin. Àwọn Òyìnbó ń sìn ín káàkiri ayé, ọmọ tiwa kò sì mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ẹja yìí ní ìṣe kan tí ó jọni lójú: bí omi tí àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà sí bá kan, akọ ni yóò pọ̀ nínú wọn, bí omi kò bá kan, abo á pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n kéré ju ìka ọwọ́ lọ, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní killifish, tí ẹyin àwọn ẹ̀yà kan nínú wọn ń fara da ẹ̀ẹ̀rùn nínú ẹrẹ̀ títí òjò yóò fi tún rọ̀.

Omi àbàtà inú igbó tí irú àwọn ẹja wọ̀nyí ń gbé rọ̀, ó kan díẹ̀, ó sì dúdú bí tíì, nítorí ewé tí ń rà sínú rẹ̀. Ọmọ Awoyaya tí ó bá bu ẹja irú àbàtà bẹ́ẹ̀, tí ó wá gbé e sínú omi bọ́hóòlù oníyọ̀, ó ti sọ ẹja náà di àjèjì ní ìlú ara rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ R.O. lè ràn lọ́wọ́.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe gan-an? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti rí ìgbín tí a da iyọ̀ sí lára rí. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde lára rẹ̀. Kì í ṣe pé iyọ̀ dá ihò sí ìgbín lára. Awọ ara rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí omi kọjá, omi a sì máa fi ibi tí èròjà kò ti pọ̀ sílẹ̀ lọ síbi tí èròjà ti pọ̀. Àlùfáà kan ní ilẹ̀ Faransé, Abbé Nollet, rí irú rẹ̀ ní 1748. Ó rọ ọtí líle kún ìgò, ó fi àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ bo ẹnu ìgò náà pinpin, ó sì rì í sínú omi. Nígbà tí ó yá, awọ náà wú bí ikùn aláboyún, nítorí pé omi ń rí ọ̀nà wọlé ju bí ọtí ti ń rí ọ̀nà jáde lọ. Osmosis ni orúkọ tí a wá fún ìṣe yìí lẹ́yìn náà.

Bí omi bá ń lọ síbi iyọ̀ fúnra rẹ̀, tí a bá wá fi agbára ti omi iyọ̀ láti ẹ̀yìn ń kọ́? Ìrìn náà á yí padà. Omi yóò gba inú awọ náà sá kúrò lọ́dọ̀ iyọ̀, iyọ̀ á kù sẹ́yìn. Ìyípadà yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní reverse osmosis, òun náà ni a gé kúrú sí R.O. Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ṣe, nítorí ó pẹ́ kí a tó rí awọ tí ó lágbára tí omi sì lè yára gba inú rẹ̀ kọjá. Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n rí i ṣe ní Yunifásítì California ní Los Angeles ní nǹkan bí 1959 sí 1960. Ní 1965 wọ́n gbé irú ẹ̀rọ náà lọ sí Coalinga, ìlú kékeré kan ní California, tí omi kànga rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin ni ó ń gbé omi mímu wá fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró de ọkọ̀ tánkà omi rí ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ẹ kò ní béèrè bóyá inú àwọn ará ibẹ̀ dùn.

Ẹ̀rọ ilé tí à ń tà lóde òní kéré, a lè gbé e kọ́ ara ògiri. Omi yóò kọ́kọ́ gba inú asẹ́ kan tí ń gba iyanrìn àti ìpáàrà dúró, lẹ́yìn náà inú èédú tí ń fa kúlórínì, nítorí pé kúlórínì ń jẹ awọ náà run. Lẹ́yìn èyí ni yóò kan awọ fúnra rẹ̀, tí a ká bí ẹní. Ojú ọ̀nà méjì ni ó ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀kan ń gbé omi tí ó gba inú awọ kọjá, èkejì ń gbé omi tí ó ru ẹrù gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí ó dára ń mú nǹkan bí 90 sí 98 nínú ọgọ́rùn-ún èròjà omi kúrò. Irin ni ọ̀tá rẹ̀ ńlá ní àdúgbò wa, nítorí pé ìpáàrà ń dí awọ náà pa. Ẹni tí omi rẹ̀ bá ń pọ́n, kí ó jẹ́ kí omi náà máa já láti òkè bọ́ sínú táńkì kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, kí ó sinmi mọ́jú, kí ó tó wá fi èyí tí ó tòrò lókè sínú ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ agbára tí a fi ń ti omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi ẹni tí ń ta ẹ̀rọ. Àwọn onípọ́ǹpù ń fi psi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ 40 sí 60. Táńkì orí òpó tí ó ga ní mítà 10 kò lè fúnni ju nǹkan bí 14 lọ, táńkì ilé púpọ̀ kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Onílé á so ẹ̀rọ mọ́ ọn, omi á máa kán tó, tó, tó; á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ, pọ́ǹpù kékeré ni ó kù tí kò rà, àti iná mànàmáná tí yóò máa yí i. Iyọ̀ pẹ̀lú ń jẹ nínú agbára náà: fún 1,000 mílígíráàmù iyọ̀ nínú lítà omi kan, nǹkan bí psi 10 ti bá a lọ kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá rárá. Ohun kan tí ilẹ̀ wa fi sàn ju ti àwọn Òyìnbó lọ ni ooru. Ìwọ̀n ooru 25 ti Celsius ni wọ́n fi ń ṣírò iye omi tí ẹ̀rọ lè mú jáde. Omi táńkì tiwa sábà ń gbóná ju èyí lọ, bí ooru bá sì fi ìwọ̀n 1 lé sí i, omi tí ń jáde ń lé ní nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ bàbá wa tí ẹja rẹ̀ kú mọ́jú. Ẹja ní iyọ̀ nínú ara, nǹkan bí gíráàmù 9 nínú lítà kan. Omi odò tí ó yí i ká kò ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi ń wọ ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ inú ìgò Nollet. Iṣẹ́ ẹja odò ni láti máa tọ omi náà nù, kí ó sì máa fi ibi pupa tí ó fi ń mí fa ìwọ̀nba iyọ̀ tí ó wà nínú omi padà sára. Bí omi bá wá ṣófo, kí ni yóò fà? Ẹfun inú omi, tí àwọn oníwèé ń pè ní calcium, ni ó sì ń jẹ́ kí ibi ìmí náà di pinpin kí iyọ̀ inú ẹja má bàa jò dànù. Ẹja tí omi líle ti mọ́ lára, tí a jù sínú omi òfìfo lẹ́ẹ̀kan náà, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò ni. Bí bàbá náà bá ti ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá lójúmọ́, ara ẹja ì bá ti bá a mu.

Ewu kejì kì í tètè dé, òun ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja ń di amóníà, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú iyanrìn àti inú asẹ́ ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ rere yìí ni wọ́n ń tú ohun kíkan tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní ásíìdì sínú omi. Omi kànga líle ní èròjà kan, bicarbonate, tí ń pa kíkan náà. Omi R.O. kò ní in. Omi á máa kan, á máa kan, títí ọwọ́ àwọn kòkòrò náà yóò fi rọ, amóníà á wá máa pọ̀ sí i. Nínú omi kíkan, amóníà a máa yí padà sí irú kan tí kì í pa ẹja kíákíá, nítorí náà ẹja á máa wẹ̀, ọkàn onílé á balẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá rí i pé ó yẹ kí òun pààrọ̀ omi, tí ó bu korobá méjì omi bọ́hóòlù tí kò kan sínú rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni amóníà náà á padà di májèlé rẹ̀ àtijọ́. Ẹja á kú, onílé á sì máa búra pé omi bọ́hóòlù ni ó pa wọ́n.

Báwo ni a ó ṣe dá ẹrù díẹ̀ padà sínú omi? Bí omi kànga yín bá jẹ́ omi líle tí kò ní iyọ̀ tàbí irin, òun náà ni kí ẹ fi lú u. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ṣe ìṣirò náà. Ká ní mítà ka 420 nínú omi kànga, ó ka 20 nínú omi R.O., 100 ni ẹ sì ń fẹ́. Ẹ mú korobá omi R.O. 4: ogún lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 80. Ẹ fi korobá omi kànga 1 kún un, èyí tí í ṣe 420. Gbogbo rẹ̀ di 500 nínú korobá 5. Ẹ pín in, 100 ni.

Bí omi kànga bá jẹ́ oníyọ̀, ẹ má lò ó fún èyí, nítorí iyọ̀ tí ẹ fi owó yọ ni ẹ tún ń dá padà. Àwọn oníṣòwò ń ta àpòpọ̀ èròjà fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò bá rí i rà lè lo baking soda, ìlàjì ṣíbí ìpotíì nínú lítà 50, láti fi dí ọ̀nà kíkan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní baking soda o. Kì í ṣe baking powder, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ sódà tí àwọn alọ́ṣẹ ń lò. Ṣùgbọ́n èyí kò fi ẹfun kún omi. Fún ti ẹfun, ìkarahun ìgbín tí a ti sè, tí a fọ̀ mọ́, tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí a dì sínú àpò aláwọ̀n, tó. Èmi fẹ́ràn ìkarahun ju ìyẹ̀fun àti oògùn lọ, nítorí pé ó ní ọgbọ́n tirẹ̀: bí omi bá kan, yóò yọ́, bí kíkan náà bá lọ sílẹ̀, yíyọ́ rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Fún àwọn ẹja àbàtà tiwa, ẹ fi ewé gbígbẹ igi fúrúùtù kan tàbí méjì sí i, irú igi tí a ń jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀ ní gbogbo Èkó. Omi á pọ́n bíi tíì, ẹja á sì rò pé òun ti dé ilé.

Iṣẹ́ kan wà tí omi R.O. ń ṣe dáadáa láìfi ohunkóhun kún un. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń fa omi àpótí lọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fa èròjà lọ. Ká ní àpótí lítà 60 ń pàdánù lítà 1 lóòjọ́, tí ẹ sì ń fi omi kànga tí mítà rẹ̀ jẹ́ 600 dí i. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ ti kó gíráàmù 18 kún inú rẹ̀, omi tí ó jẹ́ 600 ti di 900, bẹ́ẹ̀ ojú kò rí nǹkan kan. Omi òfìfo ni kí ẹ máa fi dí àdínkù. Omi ìpààrọ̀ ni kí ó ní èròjà nínú.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé òun kò lè da omi inú ọ̀rá, tí a ń pè ní piọ wọ́tà, sínú àpótí. Àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe é ń lo R.O., àwọn mìíràn kàn ń sẹ́ ẹ ni, wọ́n sì ń fi ìmọ́lẹ̀ pa kòkòrò inú rẹ̀. Mítà yín ni kí ẹ bi léèrè, ẹ má bi ẹni tí ń tà á.

Ní tèmi, ọmọ ilé-ìwé tí àpótí rẹ̀ kò ju lítà 40 lọ kò nílò ẹ̀rọ kankan ní ìgbà òjò. Òjò ni R.O. tí Ọlọ́run ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́: oòrùn gbé omi sókè, iyọ̀ kù sínú òkun. Òjò mílímítà 1 lórí ààyè tí ó fẹ̀ ní mítà 1 níbùú lóròó jẹ́ lítà 1. Òrùlé tí ó jẹ́ irú ààyè bẹ́ẹ̀ 20, tí òjò mílímítà 25 bá rọ̀ sí i, yóò fún yín ní lítà 500 láàárín ọ̀sán kan. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá lẹ́yìn ìdáwọ́dúró oṣù kẹjọ, ẹ kò lè ṣe aláìní. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé fún bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé korobá sí i. Ẹ má gbe omi orí páànù síńkì àtijọ́, nítorí omi òjò ń jẹ síńkì, síńkì sì ń pa ẹja. Bí ẹ bá na tapólì mímọ́ sí ìta gbangba, ó tó. Inú kẹ́ẹ̀gì tí kò gbé ọṣẹ, epo tàbí kẹrosíìnì rí ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kí ẹ sì dé e kí ẹ̀fọn má bàa yé sínú rẹ̀. Omi òjò náà ṣófo o. Ohun tí mo sọ nípa ẹfun àti baking soda kan òun náà.

Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ, kí ó mọ̀ pé fún lítà 1 tí ó rí lò, nǹkan bí lítà 3 ni ó ń bá ojú ọ̀nà kejì lọ. Láti rí lítà 40, 120 ti ṣàn dànù, láti inú omi dídùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan náà tí ó léfòó sórí iyọ̀ lábẹ́ ilé yín àti ilé aládùúgbò yín. Ẹ gbé korobá sí ẹnu rẹ̀. Omi náà dára láti fi da ilé ìgbọ̀nsẹ̀, láti fi fọ ọkọ̀, láti fi nu ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù omi mẹ́rin ti kó sínú mẹ́ta: èyí tí mítà kà ní 600 nígbà tí ó ń wọlé, á ka nǹkan bí 800 nígbà tí ó bá ń jáde. Bí ó bá jẹ́ omi oníyọ̀, ẹ má bù ú sí ìdí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ata. Ìdí igi àgbọn ni kí ẹ dà á sí. Iyọ̀ etíkun ti mọ́ ọn lára.